Bí Mo Ṣe Sééfù Lé Orí Iṣẹ́ Oníṣẹ́ Ní Ṣọ́ọ̀bù Màmá Géèmù

Géèmù ẹnìkan ṣoṣo ni Devil May Cry 3, páàdì kan ló ń lò, ẹnìkan ló ń tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ní ṣọ́ọ̀bù Màmá Géèmù ní Ìkòròdú níbí lọ́dún 2009, èèyàn méje ló máa ń gbá a lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹnìkan á mú páàdì, àwọn mẹ́fà tó kù á máa fi ẹnu gbá a. "Fò! Fò o! Ó wà lẹ́yìn ẹ! Ta ló ní kó o lọ síbẹ̀ ná?" Ẹni tó mú páàdì yẹn gan-an ló máa ń gbádùn ẹ̀ kéré jù.

Mo ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ nígbà yẹn. Ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi wà ní àdúgbò kan tó yọ sí ojú ọ̀nà Ayángbùrẹ́n, ẹ ò ní rìn jìnnà kẹ́ ẹ tó dé Ìta-Ẹlẹ́wà, ti Màmá Géèmù sì kọjú sí tiwa gbọngbọn, gọ́tà nìkan ló là wá láàárín. Ẹ wo irú ìdánwò tí wọ́n gbé sílẹ̀ fún ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Màá jókòó sídìí máṣínì, ẹsẹ̀ mi ń ṣiṣẹ́, etí mi wà lódìkejì gọ́tà, tí wọ́n bá ti hó "Yéèè!" báyìí, ojú ìránṣọ mi á yà. Ọ̀gá mi á gbé aṣọ náà sókè, á fi ìka tọ ibi tó yà, á ní, "Ibí yìí ni wọ́n ti pariwo, àbí?"

Màmá Géèmù fúnra ẹ̀ ò mọ nǹkankan nípa géèmù o, àbúrò ẹ̀ ọkùnrin ló rìnrìn-àjò tó fi ẹ̀rọ géèmù PS2 méjì sílẹ̀ fún un, òun náà wá tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ fíríìjì tó fi ń ta mínírà, ó wá tẹlifíṣọ̀n oníkùn ńlá méjì, ó gbé bẹ́ńṣì síwájú wọn, owó dé. Náírà 50 ni wákàtí kan. Aago ara ògiri ló fi ń ṣírò, tí wákàtí ẹ bá ti pé kò ní bẹ̀ ẹ́, á kàn na ọwọ́ kọjá lórí ẹ gba páàdì, kò kàn án bóyá ẹ̀mí ẹ fẹ́ bọ́ nínú géèmù. Tẹlifíṣọ̀n tó dáa, àwọn oníbọ́ọ̀lù, àwọn tó ń gbá géèmù bọ́ọ̀lù, ló ni ín torí àwọn ló pọ̀. Èyí tó kù, tí àwọ̀ ẹ̀ ń pọ́n lápá kan, òun ló yọ̀ǹda fún àwa. "Ẹ̀yin oníjàgídíjàgan," bó ṣe máa ń pè wá nìyẹn.

Iná ńkọ́? Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká sọ ti iná. Ọ̀nà Ìjẹ̀dẹ̀ ní Ìkòròdú yìí náà ni ilé-iṣẹ́ iná Egbin wà, ẹ̀rọ mẹ́fà tí wọ́n lè ṣe iná tó tó mẹ́gáwáàtì 1,320, gbogbo Nàìjíríà ni wọ́n ń pín in fún, àwa tá a súnmọ́ ọn la wá ń fa okùn jẹnẹrétọ̀. Tí jẹnẹrétọ̀ Màmá Géèmù bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ pé epo fẹ́ tán, gbogbo wa á dákẹ́ lọ lọ́ọ́, ẹni tó mú páàdì á máa gbàdúrà kí òun ṣáà dé ibi tóun ti lè sééfù, ìyẹn kó tọ́jú ibi tóun bá géèmù dé.

Fún ẹni tí kò bá mọ géèmù yẹn: ọmọkùnrin kan tí irun ẹ̀ funfun báláú, kóòtù pupa, idà gbọọrọ lẹ́yìn, ìbọn méjì, Dante lorúkọ ẹ̀, iṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa pa ànjọ̀nú. Tó bá ti ń jà, lẹ́tà á máa yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. D ló ń kọ́kọ́ yọ, á di C, á di B, á di A, tó bá ń dùn á di S, á di SS, tó bá wá dùn débi tó dùn dé á di SSS. Lẹ́tà yẹn ò ka iye tó o pa o. Bó o ṣe pa wọ́n ló ń kà. Tó bá jẹ́ ìlù kan náà lò ń lù wọ́n ṣáá, kò ní gòkè, tí wọ́n bá nà ẹ́, á já. Ṣùgbọ́n tó o bá dúró sáàárín wọn tó o yọ ṣùtì sí wọn, bọ́tìnnì tiẹ̀ wà fún ìyẹn, á tún gòkè sí i. Èmi ò tíì rí géèmù tó ń dá èèyàn lọ́lá torí pé ó ń ṣakọ rí.

Sítáì ni wọ́n ń pè é nínú géèmù, ọ̀rọ̀ télọ̀ sì ni sítáì, torí náà èmi rò pé èmi ló yẹ kó mọ̀ ọ́n jù. Irọ́ ni. Ìlù kan ṣoṣo ni mo mọ̀, Stinger: mú bọ́tìnnì R1 mọ́lẹ̀, ti síwájú, tẹ bọ́tìnnì onígun mẹ́ta, Dante á ṣá lọ fíìì bí ọfà, á ki idà bọ ẹni tó wà níwájú láyà. Ó ń pa wọ́n. Kí ni mo tún ń wá? Stinger láàárọ̀, Stinger lálẹ́, lẹ́tà mi ò kúrò ní D àti C, mo sì ń kọjá míṣọ̀n, ìyẹn àwọn abala tí wọ́n pín géèmù náà sí. Wọ́n bá sọ mí ní Abẹ́rẹ́, torí iṣẹ́ mi àti torí ìlù mi, orúkọ yẹn lẹ̀ mọ́ mi débi pé oníbúrẹ́dì tó ń kọjá náà ń pè mí bẹ́ẹ̀.

Lọ́sẹ̀ kan náà ni ọ̀gá mi gbé búbà mẹ́rin tí mo rán kọ́ sórí okùn, ó pè mí, ó ní kí n wo ọrùn wọn. Ọrùn V ni gbogbo wọn, torí òun nìkan ni kì í wú mọ́ mi lọ́wọ́. Ó ní, "Ṣé gbogbo Ìkòròdú ni wọ́n bí pẹ̀lú ọrùn V ni?" Mo rẹ́rìn-ín. Mi ò rí ohun tó kàn án mọ́ géèmù nígbà yẹn.

Àwọn tá a jọ ń gbá a, gbogbo wọn ló ní orúkọ. Ọ̀kan wà tí kì í fi idà ja rárá, ìbọn ni tiẹ̀. Wẹ́dà ló ń kọ́, ó fi bí ọdún mẹ́rin jù mí lọ, dígí dúdú tí wọ́n fi ń jó irin máa ń wà lórí ẹ̀ bó ṣe ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bàbá Ìbọn là ń pè é. Sítáì oríṣiríṣi lèèyàn lè mú níbẹ̀rẹ̀ míṣọ̀n, Trickster fún ẹni tó fẹ́ máa sá kiri, Swordmaster fún onídà, Royal Guard fún ẹni tó ní sùúrù àti gba ìlù dúró, Gunslinger fún oníbọn, Gunslinger yìí ni Bàbá Ìbọn mú láti ọjọ́ kìíní, kò pààrọ̀ ẹ̀ rí. Ojo la kà á sí. Ká sọ òótọ́, èmi ni mo ń pariwo ẹ̀ jù pé ẹni tó bá jẹ́ ọkùnrin á súnmọ́ ọ̀tá.

Àwa tí a kì í ṣe ojo, ajá kan ló fi ojú wa gbolẹ̀. Míṣọ̀n 3, ajá olórí mẹ́ta, yìnyín ni wọ́n fi bo gbogbo ara ẹ̀, wọ́n fi ṣéènì so ó mọ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé gogoro kan, Cerberus. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko la fi ń kú síwájú ajá yẹn. Tó o bá kú, wàá gbé páàdì fún ẹni tó kàn, òun náà á lọ kú tiẹ̀. Màmá Géèmù a máa ka owó, á ní "Ajá yín yìí mà ń pa owó wọlé fún mi o." Ìgbà tó pẹ́ ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kà á pé kì í ṣe ẹjọ́ wa nìkan: ẹ̀dà tí Capcom, ilé-iṣẹ́ tó ṣe géèmù náà, tà ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2005, ohun tí wọ́n pè ní Normal (tí kò le jù) níbẹ̀, Hard (tó le) ló jẹ́ ní Jàpáànù. Ní 2006 ni wọ́n tún un gbé jáde tí wọ́n dín ìyà yẹn kù. Sídì tiwa, èyí tó ní ìyà nínú ni.

Bàbá Ìbọn ló pa ajá yẹn. Ó dúró lókèèrè, ó ń yìnbọn lù ú, ajá bá fò wá, á fò sẹ́gbẹ̀ẹ́, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í yìn ín, yìnyín ń jábọ́ lára ẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó lé ní ogún ìṣẹ́jú, a ti ń yán. Nígbà tí ajá náà wá ṣubú, àwọn kan pàtẹ́wọ́, èmi ní, "Bọ̀dá, ṣé ẹ jà ni tàbí ẹ kàn ń sọ ọ́ lókò?" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín, ó kàn yí dígí ẹ̀ lórí, ó ní kí ẹni tó kàn wá gba páàdì.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ ìbejì yìí torí òun la fi jà jù. Ìbejì ni Dante, Vergil sì ni èkejì ẹ̀, aláṣọ búlúù, màmá wọn fi ẹ̀gbà ọrùn kan tó là sí méjì sílẹ̀ fún wọn, oníkálukú mú ìlàjì. Géèmù ní Vergil lẹ̀gbọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ràn Vergil nínú wa, gbólóhùn yẹn ni ọ̀kọ̀ wọn, "Ẹ̀gbọ́n ni, ẹ fún un lọ́wọ̀ ẹ̀!" Ọjọ́ kan ariwo yẹn pọ̀ jù, Màmá Géèmù gbé ìgò mínírà tó ń nù kalẹ̀, ó bi wá pé èwo ló kọ́kọ́ jáde nínú ìyá wọn. A ní Vergil. Ó ní, "Táíwò nìyẹn. Kẹ́yìndé ló rán an kó lọ tọ́ ayé wò. Ẹ̀gbọ́n ni aláṣọ pupa, ẹ máà pariwo sí mi létí mọ́." Ẹnu wọ wa. Àwọn ọmọ Vergil fẹ́ jiyàn pé ní Jàpáànù ẹni tó kọ́kọ́ jáde lẹ̀gbọ́n, ó ní ṣé Jàpáànù ló ń sanwó ṣọ́ọ̀bù ni. Látọjọ́ yẹn, Kẹ́yìndé lorúkọ Dante lọ́dọ̀ wa.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá sórí ẹ̀ṣẹ̀ mi.

Mẹ́mórì káàdì kan ṣoṣo, èyí tí ohun téèyàn bá sééfù ń wà nínú ẹ̀, ló wà fún gbogbo wa, ti 8MB, dúdú, wọ́n fi máákà funfun kọ "MÀMÁ" sí i lára. Oníkálukú ló ní ibi tiẹ̀ nínú ẹ̀, Màmá Géèmù kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan, ta ló ni 1, ta ló ni 2. Èmi ni mo ni 4. Bàbá Ìbọn ló ni 3. Bàbá Ìbọn ti wà ní míṣọ̀n 18 nínú 20, òun ló wà níwájú jù, èmi wà ní 9.

Ọjọ́bọ̀ kan, ọ̀gá mi rán mi lọ ra òwú àti síìpù, mo yà sọ́dọ̀ Màmá Géèmù fún wákàtí kan péré. Mo parí míṣọ̀n 9, níbi tí obìnrin oníàdán yẹn wà, Nevan, tó ti nà mí fún ọjọ́ mẹ́ta, inú mi ń dùn, géèmù ní ṣé kóun sééfù, ìgbà yẹn gan-an ni mo gbọ́ ohùn ọ̀gá mi lódìkejì gọ́tà, "Níbo lọmọ yẹn wà?" Mo tẹ X, mo tún tẹ X, mi ò wo nọ́ńbà, mo ju páàdì sílẹ̀, mo sáré. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe lọ. Ìka méjì péré.

Lọ́jọ́ Sátidé, Bàbá Ìbọn dé, ó san owó, ó ṣí nọ́ńbà 3, ó rí míṣọ̀n 10. Kò pariwo. Ó pa á dé, ó tún un ṣí. Ó wá ní, "Ta ló gbá a gbẹ̀yìn?" Mo wà níbẹ̀. Mo sọ pé ó lè jẹ́ iná, pé nígbà tí iná lọ lánàá mẹ́mórì lè ti dàrú. Mo purọ́, ẹ gbọ́, mo sì fi ojú wo ojú ẹ̀ nígbà tí mò ń pa á. Òun ò fèsì, ó kàn ṣí ibi tí wọ́n ń ra nǹkan nínú géèmù, ó fi hàn gbogbo èèyàn: wọn ò náwó kankan sórí ìbọn, gbogbo ẹ̀ ló lọ sórí idà, Stinger sì ni wọ́n kọ́kọ́ rà kún. Ó ní, "Ṣé iná náà ń rán aṣọ ni?"

Ilé dákẹ́, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ìyẹn ló dùn mí jù, torí mo mọ̀ pé tó bá jẹ́ èmi ni mo sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn sí i, gbogbo wọn ni ì bá rẹ́rìn-ín. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, èmi ni." Ó ní òun ti gbọ́. Ó gba náírà 50 ẹ̀ padà lọ́wọ́ Màmá Géèmù, ó lọ.

Màmá Géèmù ló dájọ́. Ó ní kí n gbá a padà dé ibi tó dé, owó mi ni màá fi gbá a. Mo ní kò burú, mo ti fẹ́ dìde. Ó ní, "Dúró ńbẹ̀. Tó o bá ba aṣọ oníbàárà jẹ́, ṣé sítáì tó wù ẹ́ lo máa fi rán òmíì fún un? Bó ṣe wà ni wàá dá a padà." Ìyẹn ni pé pẹ̀lú ìbọn. Pẹ̀lú Gunslinger, tó gbọ́dọ̀ dé ipele 3 bí tiẹ̀ ṣe wà, gbogbo ìbọn tó ti náwó lé ni màá náwó lé.

Ẹ máà rò pé ohun kékeré ni. Ọgbọ̀n náírà ni mo ń gbà tí mo bá bá èèyàn pààrọ̀ síìpù yúnífọ́ọ̀mù, ìyẹn ò tó wákàtí kan. Mo fi oúnjẹ ọ̀sán du ara mi, mo ń ran ìdí ṣòkòtò àwọn ọmọ iléèwé ní kọ̀rọ̀. Láti míṣọ̀n 1. Mo tún padà síwájú ajá yẹn.

Ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́, ìyà jẹ mí. Ọwọ́ mi ṣáà ń lọ síbi onígun mẹ́ta, ó fẹ́ gún nǹkan. Mo dúró lókèèrè bí mo ṣe rí i tí Bàbá Ìbọn ń ṣe, mò ń yìn wọ́n, wọ́n ń yí mi ká láti ẹ̀yìn, mò ń kú. Mo wá rí i pé n kò mọ ohun tó ń ṣe rárá, torí mi ò wò ó rí. Tó bá ti kàn án ni mo máa ń lọ ra pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù.

Àṣírí ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí mi ní míṣọ̀n 5 láìmọ̀. Mo fi idà gbé ànjọ̀nú kan sókè, ìlù kan wà tó ń gbé wọn fò, mo fẹ́ sá fún èkejì, ìka mi bá bọ́ sórí ìbọn, mo rí i pé èyí tó wà lókè ò bọ́ sílẹ̀. Ọta yẹn ló gbé e dúró sínú atẹ́gùn. Mo tún yìn ín, ó tún dúró. Mo fò lọ bá a lókè, mo tẹ bọ́tìnnì róbótó, Dante dorí kodò, ó ń yí bí òkòtó, ọta ń rọ̀ sórí àwọn tó wà nílẹ̀ bí òjò, mo sọ̀ kalẹ̀, mo fi L2 pààrọ̀ ìbọn, ọ̀kan sún mọ́ mi mo fi èyí tó lẹ́nu ńlá gbá a dànù. Mo gbójú sókè wo lẹ́tà. S. Èmi Abẹ́rẹ́! Mi ò rí S rí lẹ́yìn tí mo ti gbá a bí oṣù mẹ́ta.

Ká ní mo ti ń wò ó ni, mi ò bá ti mọ̀ pé ìbọn yẹn kì í ṣe ọ̀nà à ti sá. Ó ń fi ìbọn mú wọn dání ni. Bí ìgbà tí èèyàn fi pín-ìnì mú aṣọ dúró kó tó rán an, ẹni tí kò bá mọ̀ á ní kí ló ń fi àsìkò ṣòfò sí.

Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹnìkan fi sọ fún Bàbá Ìbọn pé mò ń jìyà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yà tó bá ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, á dúró lẹ́nu ọ̀nà, kì í jókòó, dígí lórí. Kì í sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá ó ń sọ ẹyọ kan ẹyọ kan, "Má dúró lójú kan." "Èyí tó jìnnà ni kó o kọ́kọ́ yìn." Ọjọ́ tí mo bá Vergil jà ní òkè ilé gogoro, míṣọ̀n 7, ó jókòó. Mo sún fún un lórí bẹ́ńṣì.

Mo kà nípa àwọn tó ṣe géèmù yìí nígbà tí mo ti ní fóònù tó ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì, ohun tí mo kà sì mú mi rántí oṣù yẹn. Hideki Kamiya ló darí èyí àkọ́kọ́, tó jáde ní 2001, géèmù mìíì tó ń jẹ́ Resident Evil 4 ni wọ́n fẹ́ ṣe tẹ́lẹ̀, ó kàn yàtọ̀ jù fún orúkọ yẹn ni. Pé kí èèyàn máa gbé ọ̀tá dúró sókè pàápàá, àṣìṣe ni wọ́n ti rí i, nínú Onimusha, géèmù mìíì tí wọ́n ń ṣe, ọ̀tá kan ń dúró lókè bí wọ́n ṣe ń lù ú, wọ́n fẹ́ tún un ṣe, Kamiya ní ohun tóun ń wá nìyẹn. Èyí tó wá wọ̀ mí lára ni ti Hideaki Itsuno. Wọ́n gbé apá kejì fún un nígbà tí iṣẹ́ ti bàjẹ́ lọ jìnnà, oṣù díẹ̀ ló kù, ó jáde ní 2003, àwọn èèyàn bú u gan-an, ó sì ti sọ ọ́ fúnra ẹ̀ pé ìdí tóun fi bẹ̀bẹ̀ ṣe apá kẹta nìyẹn, òun ò fẹ́ kó parí síbẹ̀. Télọ̀ tó bá ti gba aṣọ tí ẹlòmíì ti gé bàjẹ́ rí máa mọ ohun tó ń bá a jà.

Ọ̀sẹ̀ méje ló gbà mí. Lọ́jọ́ tí mo parí míṣọ̀n 17, mo sééfù, mo wo nọ́ńbà náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí n tó tẹ X, gbogbo ilé ń ka á pẹ̀lú mi, "Mẹ́ta! Mẹ́ta ni! Tẹ̀ ẹ́!" Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé páàdì fún Bàbá Ìbọn. Ó wo ìbọn ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní ọ̀kan ṣì kù tóun ti náwó lé, àmọ́ kò burú.

Ó gbá 18 pẹ̀lú ọ̀nà ẹ̀, a wò ó, kò sẹ́ni tó lọ ra pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù. Ó dé 19. Ọkùnrin apárí kan wà tó ń jẹ́ Arkham, òun ló da gbogbo wàhálà náà sílẹ̀, ó gba agbára bàbá àwọn ìbejì, agbára náà pọ̀ jù fún un, ó di nǹkan kan wúruwùru bíi fùfú tí omi pọ̀ nínú ẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń jà, Vergil já wọlé wá ran àbúrò ẹ̀ lọ́wọ́ (ẹ̀gbọ́n ẹ̀, mo tọrọ gáfárà, Màmá). Páàdì kejì wà lára ẹ̀rọ yẹn tí àwọn oníbọ́ọ̀lù fi sílẹ̀, ọmọ kékeré kan ń fi ṣeré lórí ilẹ̀, ó tẹ Start. Vergil yí padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lọ kọlu ògiri.

"Ta ló ń gbé e kiri?!"

Gbogbo wa wo ọmọ yẹn. Géèmù tá a ti ń gbá lẹ́nìkọ̀ọ̀kan láti bí oṣù mélòó, ààyè ẹni méjì wà nínú ẹ̀ látọjọ́ yìí, míṣọ̀n 19 ni wọ́n tọ́jú ẹ̀ sí. Àwọn bí mẹ́rin ti na ọwọ́ sí páàdì yẹn. Bàbá Ìbọn ò gbójú kúrò lára tẹlifíṣọ̀n, ó ní, "Ẹ gbé e fún télọ̀."

Mo jókòó tì í. Ó ń fi ìbọn mú Arkham lọ́wọ́, mò ń ti iwájú ṣá a, mo gbàgbé pé mo ní orúkọ míì, ó ń pariwo, Bàbá Ìbọn ń pariwo o, "Wọlé sí i! Gún un! Gún un báyìí!" Wọ́n jọ yọ ìbọn nígbẹ̀yìn, Táíwò àti Kẹ́yìndé, wọ́n jọ yìn ín, "Jackpot!" Àwọn oníbọ́ọ̀lù gan-an dìde.

Òun nìkan ló gbá 20. A mọ̀ pé ìbejì á bá ara wọn jà, a ò mọ bó ṣe máa parí. Vergil fìdí rẹmi, ó ń ṣubú lọ sínú ọ̀run àwọn ànjọ̀nú, Dante sáré na ọwọ́ kó dì í mú, Vergil fi idà ya á lọ́wọ́, ó jẹ́ kí ara òun bọ́. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Màmá Géèmù tó ti dúró lẹ́yìn wa láìmọ ìgbà tó dé ní, "Wọn ò se ẹ̀wà fún wọn nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé ni."

Mo gba frídọ́ọ̀mù mi, Bàbá Ìbọn gba tiẹ̀, ó lọ ń jó géètì lọ́nà Ìmọ̀tà, Màmá Géèmù ta ẹ̀rọ méjèèjì nígbà tí fóònù gba ọmọ lọ́wọ́ ẹ̀. Mo ra PS4 àlòkù ní ọdún tí Devil May Cry 5 jáde, 2019. Ó dùn. Orin tó wà nínú ẹ̀ ń tẹ̀lé lẹ́tà ni, tó o bá wà ní D ìlù lásán ni wàá máa gbọ́, tó o bá dé S ni ègbè á wá gbé e, tí wọ́n bá nà ẹ́ orin á tún sá padà. Èmi tí ọwọ́ mi ti le lórí máṣínì, mo sábà máa ń gbọ́ ìlù yẹn gan-an.

Oṣù Kejìlá tó kọjá, ọkùnrin kan gbé ánkárá yáàdì mẹ́fà wá síwájú mi, irun ẹ̀ ti ń funfun létí, mi ò wo ojú ẹ̀, mo fi tépù wọn èjìká ẹ̀, mo bi í pé irú ọrùn wo lẹ fẹ́, sà. Ó ní, "Ṣé o ti mọ̀ ju V lọ?"

Mo pa ṣọ́ọ̀bù dé lọ́jọ́ yẹn. Mo ní àkójọpọ̀ àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe fún PS4 ní 2018, apá kẹta ni mo gbé sí i, a gbé mínírà sílẹ̀, ọmọ mi ń wò wá bí ẹni ń wo wèrè. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni ajá yẹn pa á. Nígbà tó wá pa ajá, géèmù ní ṣé kóun sééfù, ibi tí nọ́ńbà wà ṣí, èyí àkọ́kọ́ ni tèmi, míṣọ̀n 20, mo fi ọdún kan gbáko dé ibẹ̀, ìyókù òfìfo ni. Mo ní, "Bọ̀dá, ẹ mú èyí tó bá wù yín."

Ó gbé e lé orí tèmi. Géèmù bi í pé ṣé ó dá a lójú. Ó yíjú sí mi, ìka ẹ̀ wà lórí X.